Ọjọ́ Tí Máàpù Mi Pa Alhaji Múríánà

Ọjọ́ kan wà láyé mi tó jẹ́ pé, bí mo tilẹ̀ gbàgbé orúkọ ara mi, òun kò ní kúrò lọ́kàn mi. Ọjọ́ àdúrà ogójì bàbá ọ̀gá mi ni, ní Ọ̀fà, nígbà tí àwọn ọdún 1990 ń lọ sópin. Lọ́jọ́ náà, èmi tí n kò gbé ọ̀bẹ, tí n kò yin ìbọn, mo pa àgbàlagbà kan, mo sì kó èèyàn láti Èkó, Ìbàdàn àti Kàdúná wá ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá náà wà nínú yàrá rẹ̀ tó ń gbọ́ rédíò.

Ọ́fíìsì àwọn tó ń wọn ilẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Ọ̀gá mi ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ya máàpù pẹ̀lú yíǹkì àti rúlà kó tó ra kọ̀mpútà kan tó lè ya á. Ẹ̀rọ náà ṣọ̀wọ́n láàrín ìlú débi pé aṣọ funfun ni a fi ń bò ó, a kì í sì í jẹ ẹ̀pà nítòsí rẹ̀. Èmi tí mo lọ kọ́ ọ fún oṣù díẹ̀ ní Ìlọrin ni mo wá di ọ̀mọ̀wé. Mo yí bí mo ṣe ń rìn padà. Mo ń fi bírò pupa, bírò dúdú àti bírò búlúù sí àpò àyà mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kọ̀mpútà kò lo bírò. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ní ìbéèrè, màá kọ́kọ́ mí kanlẹ̀ ná, bí dókítà tó fẹ́ sọ̀rọ̀ fún aláìsàn, kí n tó dá a lóhùn.

Kẹ́ ẹ lè mọ bí mo ṣe pa èèyàn, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun kan. Ọ̀nà méjì ni kọ̀mpútà yẹn ń gbà kọ orúkọ sórí máàpù. Èkíní, òun fúnra rẹ̀ a máa wo àkọsílẹ̀ àwọn ilé tí a ti wọ̀n, a sì kọ orúkọ onílé sí ẹ̀gbẹ́ ilé kọ̀ọ̀kan. Bí o bá ní kí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kúrò, á kúrò. Àmọ́ kò fẹ́ kí orúkọ kan fara kan èkejì. Bí àyè bá há, á ti ọ̀kan sí ibi tí àyè bá wà, kò sì ní bi ọ́. Ọ̀nà kejì ni kí èèyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ orúkọ síbi tó bá wù ú. Èyí kì í gbọ́ àṣẹ tí o bá pa fún àwọn yòókù. Bí o bá fẹ́ kó kúrò, àfi kí o wá a lọ síbi tó wà, kí o mú un lọ́wọ́, kí o lé e jáde. Mo mọ gbogbo èyí. Wọ́n kọ́ mi dáadáa. Mo tilẹ̀ ti kọ́ ẹlòmíràn. Ìyẹn ló ń dùn mí jù.

Bàbá ọ̀gá mi, Alhaji Sàlámì, jẹ́ oníṣòwò páànù tó ti fẹ̀yìn tì. Ó fẹ́ràn láti wá jókòó ní ọ́fíìsì wa nígbà tí oòrùn bá mú. Lọ́jọ́ kan, ó rí orúkọ rẹ̀ lójú kọ̀mpútà, ó na ìka sí i.

"Ilé mi rèé?"

"Ilé yín ni, Bàbá."

"Ilé Múríánà ńkọ́?"

"Bàbá, a ò tíì wọn ilé tiwọn. Kò sí nínú àkọsílẹ̀."

"Ta ní kí ẹ wọ̀n ọ́n? Mo ní kí o kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Àbí èmi nìkan ni mò ń gbé ìlú yìí?"

Ni mo bá fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ sí i: ALHAJI MÚRÍÁNÀ, ní òdìkejì ojú irin, níbi tí kò sí nǹkan mìíràn nítòsí. Inú bàbá dùn. Ó ní, "Ará Kùmásì náà ti wọ máàpù."

Ará Kùmásì ni àwọn méjèèjì ń pe ara wọn. Kùmásì ni wọ́n ti jọ ṣòwò nígbà èwe wọn. Inú ọkọ̀ kan náà ni wọ́n sì jọ wà nígbà tí wọ́n lé àwọn èèyàn wa kúrò ní Gáná. Mo gbọ́ pé àpótí kan ṣoṣo ni wọ́n rí gbé bọ̀, tí wọ́n sì jọ pín ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá rí Alhaji Sàlámì lẹ́yìn ìrun alásàrì, ẹ má wá a nílé rẹ̀. Iwájú ilé Alhaji Múríánà ni yóò wà, tí wọ́n á máa ṣàríyànjiyàn lórí ohun tó ti ṣẹlẹ̀ kí a tó bí ọ̀pọ̀ nínú wa.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu Alhaji Múríánà. Ilé ìwòsàn kan ní Ìlọrin ló wà nígbà tí Alhaji Sàlámì, tí ara rẹ̀ le koko, tó tún bẹ̀ ẹ́ wò lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, ṣàdédé kú lẹ́yìn ìrun àsùbáà. Wọ́n sin ín lọ́jọ́ náà. Nígbà tí wọ́n gbé Alhaji Múríánà padà wálé, dókítà kìlọ̀ fún ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń tọ́jú rẹ̀, Alhaja Sìdí, pé kí bàbá má gbọ́ ìròyìn búburú kankan o, pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣì ga. Ni ìdílé méjèèjì bá fohùn ṣọ̀kan: bí bàbá bá béèrè Sàlámì, Kánò ló wà lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀, wọ́n ń tọ́jú ojú rẹ̀. Gbogbo àdúgbò ló mọ irọ́ náà. Àwa tí a wà ní ọ́fíìsì pàápàá ti há a sórí.

Bí àdúrà ogójì ṣe ń sún mọ́lé, ọ̀gá mi pè mí. Ojú rẹ̀ ti wọnú.

"Mo fẹ́ kí máàpù wà lẹ́yìn káàdì tí a máa fi pe àwọn èèyàn," ló wí. "Àwọn àlejò wa láti òkèèrè kò mọ ilé tuntun tí bàbá kọ́ yìí. Yọ orúkọ gbogbo àwọn oníbàárà wa kúrò, mi ò fẹ́ fi ilé onílé han aráyé. Jẹ́ kó ku mọ́sáláṣí, ilé ìwé, ilé epo àti ilé bàbá. Ṣé ó yé ọ?"

Mo mí kanlẹ̀. "Ẹ fọkàn balẹ̀, sà. Iṣẹ́ kékeré ni."

Iṣẹ́ kékeré náà ni mo jókòó tì. Mo ní kí àwọn orúkọ oníbàárà kúrò, wọ́n sì kúrò, wọ́n pa rẹ́ bí ìgbà tí èèyàn fi omi fọ síléètì. Mo lọ sínú àkọsílẹ̀ ilé bàbá, mo yí ALHAJI SÀLÁMÌ padà sí ILÉ OLÓÒGBÉ, nítorí orúkọ rẹ̀ ti wà níwájú káàdì. Lójú mi, gbogbo rẹ̀ ti parí. Mo wá fi àkókò tó kù ṣe ẹ̀ṣọ́ sí ọfà kékeré tó ń júwe ibi tí àríwá wà. Mo kùn ún, mo tún un kùn, mo fi òjìji sí i lẹ́yìn. Kò sí ẹni tó wá ṣọ̀fọ̀ rí tó béèrè ibi tí àríwá wà, ṣùgbọ́n ọfà yẹn rẹwà, ẹ gbà mí gbọ́.

Ohun tí n kò ṣe ni pé n kò sún máàpù náà dé ẹ̀gbẹ́ kí n wo òdìkejì ojú irin. Orúkọ tí mo fi ọwọ́ tẹ̀ ṣì jókòó síbẹ̀ jẹ́ẹ́. Nígbà tí mo sì wá sọ máàpù ńlá di kékeré tó lè gba ẹ̀yìn káàdì, mọ́sáláṣí, ilé ìwé àti ilé epo fún ara wọn pa ní ẹ̀gbẹ́ ilé bàbá. Kọ̀mpútà wò ó pé kò sí àyè mọ́. Ó gbé ILÉ OLÓÒGBÉ, ó gbé e fò kọjá ojú irin, ó sì gbé e kalẹ̀ síbi tí àyè ti gbà á: òkè orúkọ Alhaji Múríánà gan-an. Ẹni tó bá wò ó kò ní rí ọ̀rọ̀ méjì. Ọ̀rọ̀ kan ni yóò rí: ILÉ OLÓÒGBÉ ALHAJI MÚRÍÁNÀ.

Onítẹ̀wé mú ẹyọ kan wá kí n yẹ̀ ẹ́ wò kó tó tẹ ìyókù. Mo yẹ ọfà wò. Mo ní, "Ó dáa, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lọ."

Lọ́jọ́ àdúrà, mo wọ agbádá funfun tí mo ti fi sítáàṣì lọ̀ títí tó fi le gbagidi. Wọ́n ti ta àtíbàbà síwájú ilé, àwọn àfáà ti jókòó, obìnrin ń dáná lẹ́yìnkùlé. Alhaja Sìdí wà lára wọn. Ó ti parọ́ fún bàbá rẹ̀ pé òun fẹ́ lọ kí abiyamọ kan ní Ìjàgbó, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn kí àlejò má lọ wọlé sọ ìsọkúsọ. Àwọn ará ilé àti ará mọ́sáláṣí pé. Àwọn àlejò òkèèrè nìkan ni a kò rí. Àga ṣófo lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ọ̀gá mi ń jáde sí títì, ó ń wọlé.

"Ṣé o kọ déètì sí káàdì náà dáadáa?" ló bi mí.

"Mo kọ ọ́, sà."

"Máàpù ńkọ́?"

"Háà, sà. Máàpù yẹn kò lẹ́gbẹ́."

Bí mo ṣe ń wí báyìí ni ọlọ́kadà kan dúró. Ó ní, "Ẹ̀yin ará ibí, òkú mìíràn tún wà ní òdìkejì ojú irin ni? Mọ́tò ti kún iwájú ilé Alhaji Múríánà. Wọ́n ń sunkún níbẹ̀."

Alhaja Sìdí gbọ́ ọ láti ẹ̀yìnkùlé. Ó ju ṣíbí ọbẹ̀ sílẹ̀, ó figbe ta, ó rò pé bàbá òun ti kú lẹ́yìn òun ni. Ọ̀gá mi fa káàdì kan yọ lápò, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà, ó wò ó fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó gbé ojú sókè wò mí. Mo fò sẹ́yìn ọlọ́kadà yẹn kó tó rí ọ̀rọ̀ sọ. Agbádá mi há sí ẹ̀gbẹ́ táyà, ó fà ya gbàràrà, sítáàṣì kò sì ràn mí lọ́wọ́.

Nígbà tí mo débẹ̀, ohun tí mo rí kọjá àfẹnusọ. Mọ́tò tò lọ bẹẹrẹ. Obìnrin kan tí a ń pè ní Màmá Kàdúná, ìbátan Alhaji Sàlámì, ti tú gèlè sílẹ̀, ó ń yí nílẹ̀. Inú mọ́tò ló ti wo ẹ̀yìn káàdì náà, láti Jẹ́bà ló sì ti ń sunkún bọ̀. "Àwọn méjèèjì! Ikú kò fi ẹnì kan sílẹ̀ fún wa! Alhaji Múríánà, ìwọ náà ò wá dágbére!" Àwọn ọkùnrin ti tẹ́ ẹní. Àfáà kan tó bá àwọn ará Ìbàdàn wá kò lè máa dúró de onílé mọ́, ó ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà. "Kí Ọlọ́run fi ọ̀run kẹ́ Alhaji Sàlámì!" "Àmín!" "Kí Ó fi ọ̀run kẹ́ Alhaji Múríánà!" "Àmín!"

Ni a bá gbọ́ tí ẹnì kan ń já ilẹ̀kùn láti inú. Ó já a, ó tún já a. Ilẹ̀kùn ṣí wàá. Bàbá ni, nínú jalabíà funfun, ó fi ọ̀pá gbé ara ró. Ooru ọjọ́ náà mú, àtíkè ló sì fi pa ara láti ọrùn dé ojú. Ó funfun báláú.

"Àmín," ni bàbá wí. "Ta ni ẹ̀ ń ṣàdúrà fún?"

Màmá Kàdúná gbé orí sókè, ó rí i, ẹkún sì dá lójú rẹ̀ bí omi ẹ̀rọ tí wọ́n tì. Kí a tó ṣẹ́jú, ó ti wọ mọ́tò, ó ti ti ilẹ̀kùn. Àfáà fi bàtà sílẹ̀, ó fẹ́ fo gọ́tà, kò fò ó dé òdìkejì. Èmi tí mo mọ̀ dájú pé bàbá wà láàyè, tó jẹ́ pé èmi ni mo pa á, èmi náà sáré díẹ̀ kí ọpọlọ mi tó padà.

"Ẹ dúró jàre!" ni bàbá pariwo. "Níbo lẹ ti rí òkú tó ń fi àtíkè pa ara?"

Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n padà. Ọkùnrin kan fi ìka kan kàn án lápá, ó ní, "Òun ni o." Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Bàbá jókòó sórí àga iwájú ilé, ó béèrè ẹni tó sọ pé òun kú. Arákùnrin ará Èkó kan fi ọwọ́ méjèèjì na káàdì sí i. Mo sáré síwájú láti gbà á.

"Bàbá, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kí n bá yín kà á."

"Ẹsẹ̀ mi ló rọ, ojú mi ò rọ," ló wí, ó sì gba káàdì náà.

Ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ wò. Ó kà á jáde: "Ilé Olóògbé Alhaji Múríánà." Ẹ̀rín pa bàbá. Ó rẹ́rìn-ín títí ọ̀pá fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn àlejò náà ń rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti di ẹ̀rín, pé mo ti bọ́. Bàbá wá yí káàdì padà sí iwájú.

Mo rí ètè rẹ̀ tó ń mì. Ó ka orúkọ, ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ó tún un kà. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀ wẹ́rẹ́.

"Ogójì Sàlámì ni òní?"

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku.

"Wọ́n ní Kánò ló wà," ni bàbá wí. Kò pariwo. "Wọ́n ní ojú ló ń dùn ún."

Ìgbà yẹn ni Alhaja Sìdí dé. Ó rí bàbá rẹ̀ láàyè, ó dúpẹ́; ó rí káàdì lọ́wọ́ rẹ̀, ó kúnlẹ̀. "Bàbá mi, ẹ dárí jì mí. Dókítà ló ní kí ẹ má gbọ́. Ẹ̀rù ló bà mí nítorí yín."

Bàbá kò wo apá ibi tó wà. "Mò ń bú u," ló wí. "Lójoojúmọ́ tí mo bá jí, màá bú u. Mo ní Sàlámì rí Kánò, ó gbàgbé mi. Mo ní nígbà tí ara mi le ló mọ̀ mí. Òkú ni mò ń bú láti ìgbà yìí, Sìdí. O gbọ́ ọ, o sì jẹ́ kí n máa bú u."

Alhaja Sìdí bú sẹ́kún. Màmá Kàdúná náà sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, ó tún bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹkún yìí kò ní ariwo. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, bàbá nu àtíkè ojú rẹ̀ pẹ̀lú apá jalabíà. Ó ní, "Ẹ gbé mi lọ síbẹ̀."

Wọ́n gbé e sí iwájú mọ́tò Màmá Kàdúná. Wọ́n ní kí èmi máa ṣáájú lórí ọ̀kadà, nítorí pé ọwọ́ mi ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Ibi tí ojú irin ti dábùú títì, ọkọ̀ ojú irin tó ń kó ẹrù ti dúró síbẹ̀, kò lọ, kò bọ̀. Oòrùn ń pa wá. Ẹnì kan yọ orí, ó ní, "Ẹ̀yin oní-máàpù, ṣé kò sí ọ̀nà mìíràn lórí máàpù yín ni?" Ìtìjú mú mi, mo ní ó wà. Mo kó wọn gba ọ̀nà ẹsẹ̀ kan tó gba abẹ́ afárá kékeré. Ó wà lórí máàpù lóòótọ́. Ohun tí kò sí lórí máàpù ni ẹrẹ̀. Mọ́tò kejì rì, ẹ̀kẹta rì tẹ̀ lé e, èmi àti àfáà tí kò ní bàtà ni a bọ́ sínú rẹ̀ láti tì wọ́n. Kí a tó yọ wọ́n tán, ọkọ̀ ojú irin ti lọ, títì ti ṣófo.

A dé ilé Alhaji Sàlámì. Ọ̀gá mi rí ẹni tí wọ́n ń gbé sọ̀ kalẹ̀, ó wá pàdé rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ níwájú gbogbo èèyàn. Bàbá gbé ọwọ́ rẹ̀ tí àìsàn kò mú lé e lórí.

"Ẹ sin ín láìsí èmi," ló wí. "Ẹ ṣe ọjọ́ kẹjọ rẹ̀ láìsí èmi. Ó kù díẹ̀ kí ẹ tún ṣe èyí."

"Ẹ má bínú, Bàbá."

"N kò bínú. Ó rẹ̀ mí ni."

Òun ni wọ́n ní kó parí àdúrà. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, àwọn ọ̀rọ̀ kan kò sì já geere nítorí àìsàn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí kò ṣe àmín. Wọ́n gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, kò fọwọ́ kàn án.

Ọ̀gá mi kò lé mi. Ó kàn sọ lọ́jọ́ kejì pé kí n má fọwọ́ kan kọ̀mpútà mọ́. Ó dá mi padà sínú igbó, kí n máa fa ṣéènì tí a fi ń wọn ilẹ̀. Mo kó àwọn bírò mi kúrò láyà.

Kò pẹ́ sígbà náà, Alhaja Sìdí mú bàbá rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì wa. Bàbá ní, "Ẹni tó pa mí dà? Kó wá jí mi dìde." Ó fẹ́ kí n yọ ọ̀rọ̀ yẹn kúrò lójú òun, kóun rí i pé ó kúrò. Ọ̀gá mi gbà. Ṣùgbọ́n kò sí iná. Ẹ̀rọ tó ń pín iná fún àdúgbò wa ti jóná. Bàbá ní kò burú, òun yóò padà wá. Ó sì padà wá, lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí iná níbẹ̀ rárá. Yóò jókòó sórí bẹ́ńṣì tí Alhaji Sàlámì máa ń jókòó sí, yóò máa sọ ìtàn Kùmásì fún mi lọ́jọ́ tí n kò bá lọ sínú igbó. Mo mọ̀ pé kì í ṣe iná ló ń dúró dè mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, iná tàn. Gbogbo àdúgbò hó yèè. Mo ṣí kọ̀mpútà, bàbá fa àga sún mọ́ mi.

"Ó dà?"

Mo fi hàn án. Mo ní kí ILÉ OLÓÒGBÉ kúrò, ó sì kúrò. Orúkọ bàbá nìkan ló kù. Bàbá mí kanlẹ̀, mímí tòótọ́, kì í ṣe irú tèmi.

"Ilé Sàlámì ńkọ́? Èwo ni?"

Mo na ìka sí àmì dúdú kan tí kò ní orúkọ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó wò ó títí.

"Kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀."

Mo fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́: ALHAJI SÀLÁMÌ. Mo wá bi í, "Bàbá, ṣé kí n fi 'olóògbé' síwájú rẹ̀?"

Fáànù tó ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń yí ń dún lókè orí wa.

"Kọ ọ́," ló wí níkẹyìn. "Òótọ́ ni."

Mo kọ ọ́. Bàbá tẹjú mọ́ ọn, ètè rẹ̀ ń mì bíi ti ọjọ́ káàdì. Bí mo ṣe na ọwọ́ láti fi iṣẹ́ náà pamọ́, pàá! Iná lọ. Ojú kọ̀mpútà ṣókùnkùn.

"Kí ló dé?"

"Bàbá, iná lọ. N kò tíì fi pamọ́."

"Kí ni ìtumọ̀ ìyẹn?"

Mo tẹ orí ba. "Gbogbo ohun tí a ṣe ti nù. Ó ti padà sí bó ṣe wà."

"Ìyẹn ni pé mo tún ti kú?"

"Nínú kọ̀mpútà, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́. Bí iná bá dé, màá…"

Ẹ̀rín ló gbé bàbá. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń jáde lójú rẹ̀, Alhaja Sìdí sáré wọlé, ó rò pé nǹkan ti ṣe é. Bàbá fi ọwọ́ gbá mi léjìká. "Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. Kò ní pẹ́ tí kò fi ní jẹ́ irọ́ mọ́."

Kò sì pẹ́. Òjò ọdún náà kò tíì dá nígbà tó lọ, lójú oorun, láìyọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

Nígbà tí àdúrà rẹ̀ ń bọ̀, Alhaja Sìdí ránṣẹ́ pè mí. Mo rò pé máàpù ni wọ́n fẹ́, mo ti ń wá bí màá ṣe bẹ̀ wọ́n. Ó ní, "Rárá o! Ẹ má ya nǹkan kan. Ẹ kàn dúró síbi tí títì ti kọjá ojú irin, kí ẹ máa fi ọwọ́ júwe ilé fún àwọn èèyàn."

Mo ti kọ́gbọ́n nínú ọ̀rọ̀ yìí. Láti ìgbà tí ọ̀gá mi ti tún gbà mí láyè láti ya máàpù, kò sí èyí tó ń kúrò lọ́wọ́ mi tí n kò wò dé etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bí ó bá sì ṣe pé òkú wà níbẹ̀, mo máa ń rìn lọ sílé náà lọ wò ó kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Ọgbọ́n kejì kì í ṣe ti kọ̀mpútà. Ẹni tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kú, ẹ jẹ́ kó mọ̀, kó lè sunkún rẹ̀ lásìkò.

Mo dúró síbi ojú irin lọ́jọ́ náà láti àárọ̀ títí oòrùn fi kàn mí látàrí, mo ń fi ọwọ́ júwe. Ẹnì kankan kò ṣìnà. Bàbá arúgbó kan láti Ìlọrin sọ gíláàsì mọ́tò kalẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, ẹ̀yin ará Ọ̀fà yìí, ẹ ò tiẹ̀ lè ya máàpù sẹ́yìn káàdì fún èèyàn?"

Mo ní, "Ẹ má bínú, sà. A ò ní ẹni tó mọ̀ ọ́n yà."

Mo rẹ́rìn-ín, mo fi agbádá nu ojú, mo sì na ọwọ́ sí ọ̀nà ilé.